Ẹ Bá Wa Dúpẹ́ Lórí Àbúrò Mi

Alhamdulillahi. Ìjẹ̀bú ọmọ Ọbańta, nílé lóko, ẹ bá ìdílé wa yọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin tí oògùn fẹ́ gbé lọ lálẹ́ Ojúde Ọba ti padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ ní gbangba, kí n má pè é ní ibà.

Kọdín ni, oògùn ikọ́ olómi tí ìjọba ti fòfin dè láti 2018, tí àwọn ọmọ ṣì ń rí rà lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì wọlé, ó pa á tì. Ìtúnu kọjá, kò padà sídìí rẹ̀, títí Iléyá fi dé. Ọjọ́ kẹta Iléyá, tí ẹgbẹ́ régbérégbé ti yan tán, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti Èkó wá gbé ìgò jáde. Ìwọ̀n tó máa ń mu tẹ́lẹ̀ náà ló mu, ó tún fi ọtí lé e. Dókítà ló là á yé wa lẹ́yìn náà pé ara tó ti sinmi kì í lè gbé ẹrù àtijọ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé, àsìkò yẹn gan-an ni kí ẹ fojú sí i lára.

Ó sùn sórí àga pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn, ó ń hanrun. A ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ìyá kan ládùúgbò wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́. Ó gbé abọ́ kalẹ̀. “Èyí kì í ṣe hanrun oorun o.” Ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ ti sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Bí ó bá mí lẹ́ẹ̀kan, ó ń pẹ́ kó tó mí òmíràn. Ẹnì kan ti gbé ife epo pupa dé. Màmá nọ́ọ̀sì pariwo mọ́ ọn: “Gbé e kúrò! Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni epo máa gbà lọ!” Nígbà tí èémí fẹ́ dákẹ́, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Bó ṣe ń mí padà, ó dá a lé ẹ̀gbẹ́.

Gbogbo títì kún fọ́fọ́. Ẹ̀yin ọlọ́kadà méjì tí ẹ ṣáájú mọ́tò wa tí ẹ ń lé èrò, mi ò mọ orúkọ yín, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ní ọsibítù, abẹ́rẹ́ naloxone, tó ń lé agbára irú oògùn bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn, ni wọ́n fún un, ó sì lajú. Wọn ò jẹ́ ká gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, torí agbára abẹ́rẹ́ yẹn lè tán kí kọdín tó tán lára.

Ìyẹn ò tíì ju ìdajì lọ. Arò, l'Abẹ́òkúta, ló ti gba ìtọ́jú, Arò tí àwọn ènìyàn wa ń fi bú ara wọn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ dá owó. Àwọn ìyá Àsàlátù ń wọkọ̀ lọ kí i, wọ́n sì ń padà wá ròyìn rẹ̀ sókè láìfi ọwọ́ bo ẹnu. Èyí tó pa mí lẹ́kún jù ni ti ọ̀gá rẹ̀: ó fi aṣọ bo máṣíìnì ọmọ náà, kò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan jókòó síbẹ̀ títí ó fi dé. Kì í sì í ṣe pé iṣẹ́ ò sí o!

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń rántí àwọn tí àlòjù oògùn pa káàkiri ayé, láti 2001 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Melbourne, ní Australia. A óò wọ aṣọ àlùkò, àwọ̀ ọjọ́ náà. Màmá nọ́ọ̀sì yóò kọ́ wa bí a ti ń dá ẹni tó dákú lé ẹ̀gbẹ́. Ẹ mú àwọn ọmọ yín wá. A ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ń mu.