Aládìrẹ, aláró, àti obìnrin tó fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ ṣe

Nínú agbo ilé aládìrẹ l'Abẹ́òkúta láyé àtijọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí obìnrin kan ṣoṣo ya ọnà sára aṣọ, kó rẹ ẹ́ láró, kó tún rù ú lọ tà ní ọjà Ìtòkú. Aládìrẹ ló ń di aṣọ, òun ló ń fi abẹ́rẹ́ rán an, òun ló sì ń fi ẹ̀kọ láfún, tí kì í jẹ́ kí aró wọ ibi tó bá wà, ya á. Aláró ló ni ìkòkò. Òun ló mọ ìgbà tí aró bá dé ojú rẹ̀ àti ìgbà tó bá kú. Ẹni tó mọ ọjà tà ló ń dúró ti oníbàárà. Gbogbo wọn ló ń jẹun lára aṣọ kan náà.

Ọ̀dọ́bìnrin tó bá wọ iṣẹ́ náà lónìí fẹ́ jẹ́ gbogbo wọn pọ̀. Òun ni yóò yà á, òun ni yóò rẹ ẹ́, òun ni yóò fi fóònù ya fọ́tò ọjà, òun ni yóò máa dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp ní aago 11 alẹ́, kó tó wá jí ní aago 5 láti múra ọmọ fún iléèwé. Bó bá ṣe díẹ̀ sí i, iṣẹ́ á sú u, á ní ilé ni kò jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, ilé kọ́ ló fà á. Iṣẹ́ tó yẹ kí obìnrin mẹ́ta pín ló dá gbé.

Ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni pé kó mọ èyí tó lè wọlé nínú iṣẹ́ náà àti èyí tí kò gbọdọ̀ wọlé. Yíya ọnà lè wọlé. Ẹ̀kọ adìrẹ kò ní májèlé bí àwọ̀ òyìnbó tí wọ́n ń fi kẹ́míkà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé álọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó ṣeé jẹ. Ẹ jọ láfún tó kúnná, ẹ fi omi tútù pò ó títí kò fi ní kókó mọ́, kó tó kan iná. Ẹ máa rò ó lórí iná tó mọ níwọ̀n títí yóò fi dán, kí ẹ wá fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i. Èyí tó kù ni kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́, torí kókó kan ṣoṣo tó bá há sẹ́nu ìyẹ́ adìẹ tí ẹ fi ń ya ọnà yóò ba ìlà jẹ́. Bó bá ṣàn jù, aró á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ọnà á di rúdurùdu. Bó bá ki jù, á sán bó bá ti gbẹ, aró á sì wọ inú ibi tó sán. Èyí tí ẹ lè lò tán lọ́jọ́ kan ni kí ẹ sè, torí kì í pẹ́ kó tó tú.

Ohun kan wà nínú ètò ọnà àwọn ìyá wa tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ẹ gbé Ìbàdàndùn tàbí Olókun, ọnà adìrẹ méjì tó lókìkí, sílẹ̀, ẹ ó rí i pé onígun mẹ́rin-onígun mẹ́rin ni wọ́n pín aṣọ náà sí, ọnà tirẹ̀ sì wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Nínú Ìbàdàndùn, ẹ ó bá òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn nínú ojú kan, ẹ̀dá tàbí ewé nínú òmíràn. Ẹwà wà níbẹ̀, àmọ́ àǹfààní mìíràn tún wà fún ẹni tó ń tọ́mọ: ojú kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀. Bí ọmọ bá ké, ẹ parí ojú tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ bo ẹ̀kọ, ẹ dìde. Bí ẹ bá padà dé lẹ́yìn wákàtí méjì, ọwọ́ yín kò ní yàtọ̀ sí ti àárọ̀. Ọnà tó jẹ́ ìlà gbọọrọ kan láti etí dé etí kì í gba irú ìdádúró bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ ti dìde gan-an ni yóò hàn. Bí ọmọ bá ṣì kéré lọ́wọ́ yín, ọnà olójú ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ìró kan jẹ́ ìrépé méjì, yáàdì 2½ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a óò rán pọ̀. Ẹ ka iye ojú tó wà lórí ìrépé kan, ẹ wo iye tí ẹ lè parí lójúmọ́ kan láìṣe wàhálà, ìgbà náà lẹ ó mọ ọjọ́ tó yẹ kí ẹ dá fún oníbàárà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan lé e, nítorí òjò, nítorí ibà ọmọ, nítorí iná tó lọ.

Rírẹ aṣọ ni kò gbọdọ̀ wọlé. Aró èlú fúnra rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gún ewé rẹ̀ tútù, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Lójoojúmọ́ lèèyàn ń wo ojú rẹ̀, tó ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìkòkò yìí nílé kò lè rìnrìn àjò.

Ti àwọ̀ òyìnbó yá, àmọ́ ewu rẹ̀ pọ̀. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò fún yáàdì 5 ni ṣíbí ìjẹun 2 àwọ̀, ṣíbí 2 kọ́sítíìkì sódà, ṣíbí 4 háídírọ́ọ̀sì (ìyẹ̀fun kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí àwọ̀ yọ́ sínú omi), nínú omi tó máa bo aṣọ mọ́lẹ̀. Omi ni kó kọ́kọ́ wà nínú ike kí ẹ tó máa da kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe da omi lé kọ́sítíìkì lórí láé, ó lè hó kó ta sí ojú. Ẹ má lo ìkòkò àlùmíníọ̀mù, kọ́sítíìkì yóò jẹ ẹ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí ẹ dúró sí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnwọ́, torí òórùn háídírọ́ọ̀sì máa ń há èèyàn láyà, pàápàá ẹni tó ní ikọ́ fée. Aboyún kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ má sì ṣe bu kọ́sítíìkì sínú ìgò omi tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, torí ọmọdé kì í bi ìgò léèrè kó tó mu ún.

Bí ẹ bá ki aṣọ bọ̀ ọ́, tí ẹ sì fà á jáde, ẹ ó rí i pé kò tíì dúdú. Àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ ni yóò ní, bí afẹ́fẹ́ bá wá kàn án, yóò máa ṣú lójú yín láti etí wá sáàárín. Bí omi aró bá ti di búlúù nínú ike kí aṣọ tó wọ̀ ọ́, háídírọ́ọ̀sì ti kú nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Aṣọ tí ẹ bá rẹ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ yóò ṣí nígbà àkọ́fọ̀. Aṣọ ẹlẹ́kọ kò gbọdọ̀ wọ omi gbígbóná, ẹ ò sì gbọdọ̀ fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ á bó. Kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ gbọ́dọ̀ ti fọ sítáàṣì ilé iṣẹ́ kúrò lára aṣọ, torí sítáàṣì yẹn kì í jẹ́ kí àwọ̀ mú.

Nítorí gbogbo èyí, ẹ kó aṣọ yín jọ kí ẹ gbé e fún aláró lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, tàbí kí obìnrin mẹ́rin, márùn-ún háyà àgbàlá kan, kí ẹ jọ rẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan, kí ọ̀kan nínú yín sì máa bójú tó àwọn ọmọ níbòmíràn. Ẹni tó bójú tó ọmọ náà ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ṣírò tirẹ̀ mọ́ owó aṣọ.

Ọ̀rọ̀ owó nìyẹn dé. Ọ̀pọ̀ wa máa ń ka owó aṣọ àti owó àwọ̀, a kì í ka wákàtí. Ká ní ìró kan gba wákàtí 14 láti yà. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń san fún télọ̀ tó mọṣẹ́ ládùúgbò yín lójúmọ́, ẹ pín in fún wákàtí 8, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 14, kí ẹ wá fi owó aṣọ, àwọ̀, aláró àti ọkọ̀ lé e. Bí iye yìí bá ga ju èyí tí oníbàárà lè san, ẹ ya ọnà tó kéré. Ẹ má gé wákàtí yín kúrò, torí oorun yín lẹ ó fi dí i. Ẹ gba ìdá méjì nínú mẹ́ta owó kí ẹ tó gé aṣọ, kí ìyókù wọlé kí aṣọ tó jáde.

Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ ríran obìnrin lọ́wọ́ bí ẹni tó ń ṣe sàráà. Nínú iṣẹ́ yìí, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyẹn. Ní 1936, nígbà tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fòfin de kọ́sítíìkì àti àwọ̀ òyìnbó, àwọn aláró Abẹ́òkúta kò sá wọlé kálukú. Wọ́n jọ kọ̀wé ẹ̀hónú, wọ́n sì fi ọ̀ràn náà lọ ìjọba amúnisìn. Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá ìyá àgbà rẹ̀, dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ l'Òṣogbo ní 1983, ó sì ń kọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀ láìgba owó. Àwọn tó tọ̀ ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ti di ọ̀gá láyè ara wọn.

Ọ̀nà tí ẹni tí kò ní ibùdó lè gbà ṣe é ni ọmọṣẹ́. Ẹ jókòó pẹ̀lú òun àti òbí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: oṣù mélòó ni, kí ni yóò mọ̀ kó tó kúrò, ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó. Tèmi ni pé ọjọ́ tí ọnà rẹ̀ bá ti ṣeé tà lọ́jà ni kó máa gba owó lórí ìrépé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi gbígbé omi àti títọ́jú ọmọ yín jẹ ọdún rẹ̀. Bó bá ṣe tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ìnáwó fírídọ̀ọ̀mù kù. Owó ìrẹsì àti ẹran yẹn ì bá ra téèrù, aṣọ funfun tí a ń ya ọnà sí, fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àìmọye ọmọbìnrin tó mọṣẹ́ ló ń jókòó sílé lẹ́yìn ayẹyẹ nítorí kò sí owó ọjà.

Àjọ náà ń bẹ. Ẹ má fi ìbò pín in. Ẹni tí owó iléèwé ń bọ̀ fún ní Sẹ́tẹ́ńbà ni kó kó ti Sẹ́tẹ́ńbà, ẹni tí yóò bímọ ní Màáṣì kó kó ti Fẹ́búárì.

Ẹni tí yóò bímọ yẹn gan-an, ẹ mú ẹni tí yóò dúró fún un láti oṣù keje oyún. Ẹ sọ fún oníbàárà ẹni tó ń ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ó jọ pé ìyá ọmọ ló ń yà á. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ni kó gba owó iṣẹ́, kí ẹni tó ni oníbàárà gba ìpín tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí tẹ́lẹ̀. Ní ti àwọ̀, ẹ gé ègé aṣọ kékeré nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe, ẹ fi píìnì há a mọ́ ojú ewé nínú ìwé kan, kí ẹ kọ iye ṣíbí àwọ̀, kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú iye ìgbà tí ẹ ki aṣọ bọ aró. Bí oníbàárà bá padà wá lóṣù tí ẹ wà nínú ìyára ìkókó, ẹlòmíràn á ṣí ìwé náà, á sì rẹ irú àwọ̀ kan náà fún un.