Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo Courtney Walsh

Mo ń ju bọ́ọ̀lù fún tíìmù kékeré kan ní London níbí, ti ọjọ́ Sátidé ni o, kò sówó níbẹ̀, orúnkún mi gan-an ti ń ké, síbẹ̀ mo ṣì ń gba wíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mo lè bí, ìyẹn ni pé mo ń lé wọn jáde nídìí igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọlé á ní "Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?", màá ní ẹ lọ wo Walsh, ọmọ Jàmáíkà tó ju bọ́ọ̀lù fún West Indies.

Gbogbo wọn ṣáà fẹ́ yára ni. Ó dáa, àmọ́ Patrick Patterson, ọmọ Jàmáíkà bíi ti Walsh, eré tiẹ̀ ń dẹ́rù bani ju ti Walsh lọ, Test (ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún láàárín orílẹ̀-èdè) 28 péré ló gbá. Walsh gbá 132! Nígbà tó wọ tíìmù West Indies ní 1984, àwọn ọ̀gá nínú jíju bọ́ọ̀lù, Marshall, Holding àti Garner, ló bá níbẹ̀, ta ló máa gbé bọ́ọ̀lù tuntun, tí gbogbo ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù eléré máa ń fẹ́, fún un? Èyí tó ti gbó ni wọ́n ń fún un, ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ lójú èèyàn ló sì sábà máa ń sáré gbà, iṣẹ́ tẹ́nì kankan ò dù. Ó ṣe é. Ó tún ń bá Gloucestershire, tíìmù kan ní England níbí, ṣe é títí di 1998, nígbà tó máa fi ṣíwọ́ ní 2001 ó ti ju bọ́ọ̀lù tó lé ní 30,000 nínú Test nìkan, wíkẹ́ẹ̀tì 519, òun lẹni àkọ́kọ́ láyé tó dé 500. (Igi nìkan ni kò mọ̀ ọ́n mú, ìgbà 43 ni wọ́n lé e jáde lórí òdo nínú Test, ṣùgbọ́n ta ló bi í?)

Ẹ wo bó ṣe ń sáré bọ̀, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí ò kánjú, apá ló ń lọ sókè pátápátá. Èmi náà wá gé ìsáré mi kúrú, ibì kan náà ni mò ń sọ ọ́ sí, jẹ́ kó sú ẹni tó mú igi.

Bọ́ọ̀lù tó lọ́ra, tá a fi ń tan ẹni tó mú igi, ńkọ́? Ní 2000, Walsh ti pé 37, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 34 lọ́wọ́ England nínú Test márùn-ún. Ní pápá kíríkẹ́ẹ̀tì Old Trafford ní Manchester, Graham Thorpe ti England ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó kojú, Walsh ju èyí tó lọ́ra sí i, lbw (bọ́ọ̀lù bá ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú igi mẹ́ta tó ń ṣọ́), ó tán. Tèmi, màá la ìka méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti rán bọ́ọ̀lù, màá tì í wọnú àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀, àmọ́ apá ò gbọdọ̀ rọ̀ o, torí apá lẹni tó mú igi ń wò. Ẹ má sì máa jù ú ní gbogbo ìgbà, wọ́n á mọ̀ ọ́n.

Tẹ́ ẹ bá dé pápá lọ́jọ́ Sátidé tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ sọ fún ọ̀gá tíìmù pé ẹ̀gbẹ́ tó le yẹn lẹ fẹ́, kò ní bá yín jiyàn.