Kí Ẹ Tó Ṣe T-test, Ẹ Wo Ẹni Tó Ni Máàkì

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu àpilẹ̀kọ oyè másítà, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbé Orí Kẹrin (orí àbájáde ìwádìí) fún ẹni tó ń bá èèyàn tú dátà, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ṣe. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni, a sì ń sanwó fún wọn.

Lọ́jọ́ tí mo gbèjà iṣẹ́ mi, olùdánwò tí wọ́n pè láti yunifásítì mìíràn béèrè bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ìdánwò kí n tó kọ́ wọn náà ló ṣe èyí tó tẹ̀lé ìkọ́ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní, "Kí ló wá dé tí tábìlì yín fi kà wọ́n sí ẹgbẹ́ méjì tí kò mọra rí?" Mo ṣí ìwé mi síwá sẹ́yìn, alábòójútó mi, tó ti buwọ́ lu iṣẹ́ náà, tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. Nígbà tí mo sọ pé ẹni tó bá mi tú dátà ló yan irú t-test (ìṣirò tí a fi ń wé ìpíndọ́gba méjì) náà, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè bóyá ẹni yẹn ni kí àwọn fún ní oyè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe, wọ́n sì gbà á.

Ohun tí t-test ń wò ni bí ìyàtọ̀ ìpíndọ́gba méjì ṣe tó, tí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí máàkì ṣe ń lọ sókè sódò láàárín àwọn èèyàn. Bí ó bá jẹ́ èèyàn kan náà la wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ìyàtọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan la ó kọ́kọ́ yọ, kí olóye àti ẹni tí kò tètè mọ̀wé má bàa máa bára wọn díje, kí kálukú máa bá ara rẹ̀ nìkan díje. William Sealy Gosset, òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí Guinness ní Dublin, tó fi orúkọ Student gbé ìṣirò yìí jáde ní 1908, lo dátà aláìsàn 10 tí wọ́n lo oògùn oorun méjì. Oògùn kan fi wákàtí 0.75 kún oorun wọn ní ìpíndọ́gba, èkejì fi 2.33 kún un. Bí a bá kà wọ́n sí ẹgbẹ́ méjì, t (nọ́mbà tí t-test mú jáde) jẹ́ 1.86, p-value (bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí a rí irú ìyàtọ̀ tó tó báyìí ká ní oògùn méjèèjì kò yàtọ̀; bí ó bá ṣe kéré tó ni ẹ̀rí ṣe lágbára tó) sì jẹ́ 0.079, a ó sì ní ẹ̀rí kò tó. Bí a bá so oògùn méjèèjì mọ́ aláìsàn tó lò wọ́n, t di 4.06, p-value di 0.003, bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́mbà kan ṣoṣo kò yí padà nínú dátà náà.

Bí ẹgbẹ́ méjì bá yàtọ̀ lóòótọ́, ìlà kejì nínú tábìlì SPSS (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tú dátà) ni kí ẹ kà, ìyẹn ìṣirò Welch, tí kò gbà tẹ́lẹ̀ pé ìfọ́nká máàkì wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni máàkì.

Nítorí náà, ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà láti ìdánwò àkọ́kọ́, kí ẹ sì rí i pé nọ́mbà náà ṣì wà nínú fáìlì tí wọ́n dá padà fún yín. Ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ ti to máàkì ìkẹyìn láti orí èyí tó ga jù wá sílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ìwé ìdánwò tí mi kò tíì dànù ni mo fi mọ ẹni tó ni èwo.