Nígbà tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò gòkè

Ẹ̀yin àbúrò mi nọ́ọ̀sì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yàrá ìtọ́jú àkànṣe, mo tún rí i tí ẹnì kan nínú yín kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀ pé "kò lo oògùn kankan", láìbi ará ilé rẹ̀ léèrè. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Èkíní ni pé kí ẹ má gbàgbé ẹṣẹ́ adrenal, èyí tó wà lórí kíndìnrín, tó ń pèsè cortisol tó ń gbé ìfúnpá àti ṣúgà ró. Ẹni tí ọkọ̀ gbá, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ṣòfò, nílò cortisol ju ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ; ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń lo steroid, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi cortisol, fún ìgbà pípẹ́, ẹṣẹ́ náà ti sùn lọ, kò sì ní jí lójijì.

Èkejì ni bí a ṣe ń dá a mọ̀. A gba obìnrin oníṣòwò kan wọlé tí ọ̀kadà gbá, tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n ti tò ó ní tíátà, wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ti dára, síbẹ̀ ìfúnpá rẹ̀ kò kúrò ní 80/45 bí a tilẹ̀ ń fi kún noradrenaline, oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè. Ṣúgà rẹ̀ já sí 48 mg/dL, a fún un ní dextrose, ìyẹn omi ṣúgà, ó tún já. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tú báàgì rẹ̀ láti wá aṣọ, mo rí ìpara abóra tí wọ́n kọ clobetasol sí lára, àti hóró dexamethasone nínú ọ̀rá kékeré; steroid ni méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n náà ní ó ti pẹ́ tó ti ń lò ó kí ó lè sanra. Mo gbé e lọ bá dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìpara sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú ikùn." Wọ́n la ikùn, wọn kò bá ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ọ̀gá wọn bèèrè bóyá ó ń lo steroid, ohun tí mo ti dáhùn. Ó ní kí a fún un ní hydrocortisone, steroid tó ń rọ́pò cortisol, 100 mg sínú iṣan, kí 200 mg sì tẹ̀lé e láàárín wákàtí 24. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti ń dín noradrenaline kù. Ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, ojú ọgbẹ́ ikùn tí kò yẹ kí ó ní rárá kẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n jókòó yẹ ikú náà wò, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ báàgì yẹn. Inú mi kò tíì yọ́ sí wọn.

Èyí kò ní kí ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún steroid fún gbogbo ẹni tó fara pa o. Ìwádìí CRASH ti 2004, tí wọ́n ṣe lára nǹkan bí 10,000 ènìyàn tó fi orí ṣèṣe, fi hàn pé àwọn tó gba methylprednisolone, irú steroid kan, kú ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ẹni tí ẹṣẹ́ rẹ̀ ti sùn ni mò ń sọ.

Ẹ̀kẹta ni bí ẹ ṣe máa bèèrè. Ẹ má bi ará ilé pé "ṣé ó máa ń bóra?", nítorí kò sí ẹni tí yóò dáhùn ìyẹn lójú àna. Ẹ pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni ó ń fi para, kí ni ó ń lò sí ikọ́ fée, sí oríkèé ríro, tàbí kí ó lè jẹun dáadáa, kí wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ wá. Bí dókítà bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé, kí ẹ kọ aago sí i, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún.