Ọmọ 15, Kò sí Ọmọ-ọmọ: Ọjọ́ tí Mo Mú Mọ́mì Lọ sí Kew

Orúkọ ilé ìwòsàn ló fà á. Queen Charlotte's ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo bímọ sí, orúkọ náà sì wà lára gbogbo ìwé tí wọ́n fún mi. Mọ́mì, tí wọ́n ti Ìbàdàn wá bá mi wẹ ọmọ, mú ọ̀kan nínú ìwé náà, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. "Àbẹ̀kẹ́, ta ni Charlotte? Ṣé òun ló kọ́ ilé ìwòsàn yẹn ni?"

Mo ní rárá o, ayaba ni, ìyàwó Ọba George Kẹta. Ọdún 1809 ló fi orúkọ rẹ̀ ṣe alátìlẹ́yìn ilé ìwòsàn náà. Mo wá fi kún un pé ọmọ 15 ló bí.

Mọ́mì bọ́ jígí ojú wọn. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ikùn kan ṣoṣo? Mú mi lọ síbi tó gbé."

Bí a ṣe dé Kew nìyẹn, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù níbi tí ààfin Charlotte wà, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje, èmi, Mọ́mì àti ọmọ tuntun. Hammersmith la ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́fà nílùú yìí, mi ò wo ibi tí ọkọ̀ ń lọ kí n tó wọ̀ ọ́. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin District pín sí méjì lẹ́yìn Turnham Green: ọ̀kan gba Kew lọ sí Richmond, èkejì forí lé Ealing. Ti Ealing la kó sí. Acton Town lojú mi tó là. Mọ́mì ò bínú, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. "Ẹni tó ní òun mọ Lọ́ńdọ̀nù bí ẹni mowó."

Ààfin náà wà nínú ọgbà ńlá Kew. Ilé bíríkì pupa ni, kò sì tóbi rárá. "Ilé ọba nìyí? Ó ń bẹ ní Bódìjà tó jù báyìí lọ." Kí ẹ má dá Mọ́mì lẹ́bi, ilé oníṣòwò ni tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Samuel Fortrey ló kọ́ ọ ní 1631. Lẹ́tà orúkọ òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbẹ́ wọn wé mọ́ra nínú bíríkì. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo góòlù tó wà nínú ilé lọ.

Mirow, ní àríwá Jámánì, ni wọ́n ti bí Charlotte ní 1744. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sílé ọkọ, ìjì sì jà wọ́n lójú òkun. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1761 ló wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ fojú kan ọkọ rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n so wọ́n pọ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ìyá rẹ̀ kú ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn gan-an. Mọ́mì dákẹ́ díẹ̀. "Ta ló wá ń bá a wẹ ọmọ?" Mi ò ní èsì. Àwọn alágbàtọ́ wà, òṣìṣẹ́ kún ilé, àmọ́ mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wá ibi tí màá ti sọ̀rọ̀ pé ó jẹ́ adúláwọ̀: Mọ́mì náà bèèrè, nítorí eré tẹlifíṣọ̀n tó fi Charlotte hàn bí adúláwọ̀. Ohun tí àwọn kan dì mú ni ìyá ńlá rẹ̀ kan ní Pọ́túgà, ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn ò gbà á, èmi náà ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí.

Nínú ọmọ 15 yẹn, ọkùnrin mẹ́sàn-án, obìnrin mẹ́fà. Alfred kú ní 1782 kó tó pé ọmọ ọdún méjì, Octavius tẹ̀ lé e ní 1783, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ní 1788 ni orí ọba dàrú. Kew ni wọ́n gbé e wá, sí ilé mìíràn tí wọ́n ti wó báyìí, tí àwọn oníṣègùn ń so ó mọ́lẹ̀. Ó gbádùn, àìsàn náà tún padà, nígbà tó sì di 1811, ọmọ rẹ̀ àgbà ló ń ṣe ìjọba fún un.

Ibi tó dun Mọ́mì jù nìyí. Ní oṣù Kọkànlá 1817, ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tí òfin kà sí ti ìdílé náà kú lórí ìbímọ. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, àwọn ọmọ ayaba tó ti dàgbà pọ̀ rẹpẹtẹ, kò sí ọmọ-ọmọ kankan tó lè jọba. William, ọ̀kan nínú wọn, bí mẹ́wàá fún òṣèré kan, Dorothea Jordan, àmọ́ kò gbé e níyàwó, wọn ò sì kà wọ́n.

"Wọn ò ka mẹ́wàá?" Mọ́mì fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. "Nílé wa, gbogbo wọn á jókòó síbi ìpín ogún!"

Ni àwọn ọmọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ìyàwó. Ọjọ́ 11 oṣù Keje 1818, méjì nínú wọn gbé ìyàwó nínú pálọ̀ ilé yìí, nítorí pé àìsàn ò jẹ́ kí ìyá wọn lè jáde. A dúró nínú pálọ̀ náà. Yàrá tí ìyá ti kú ò jìnnà síbẹ̀: ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún náà, lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ àkọ́bí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó wà ní Windsor ò mọ̀ pé ó ti kú. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n bí Victoria, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó gbé ìyàwó níbẹ̀, òun ló sì wá di ọbabìnrin.

Òkè pátápátá ni yàrá àwọn ọmọbìnrin. Mọ́mì ò gbà kí n gbé ọmọ gòkè. Wọ́n fa ìró wọn yọ, wọ́n pọ̀n ọ́n, òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọn ò tún àwọn yàrá yẹn kùn, pákó àti ògiri wọn wà lásán. Ìyá wọn ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Mẹ́ta péré nínú mẹ́fà ló rílé ọkọ, ẹni ọgbọ̀n ọdún, ẹni 40, ẹni 47. Amelia kú ní 27. Wọ́n máa ń pe ilé ara wọn ní ilé àwọn sísítà Àgùdà.

Mọ́mì fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà (mo wo iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì), wọ́n gbé fóònù sẹ́nu, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí àbúrò wọn: "Rísì, mo délé ọba lónìí. Ilé ò tóbi. Sọ fún Bùnmi ọmọ rẹ, tí ọ̀gbẹ́ni yẹn bá tún dé, kó mú un wá kí ẹ. Ẹ má lé e mọ́."