Ẹ̀dọ̀ Ọkùnrin àti Ọ̀rọ̀ Ọmọ Bíbí

Nígbà tí tọkọtaya bá ń wá ọmọ, obìnrin ni a kọ́kọ́ máa ń ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò, èyí tí mo kà sí àìtọ́, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ọkùnrin náà lè ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Àrùn mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B), tí kòkòrò kan tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ máa ń fà, tí a sì ń pè ní èyí tó ti pẹ́ lára bí ó bá ti kọjá oṣù 6, lè wà nínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí àmì kankan.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń tọ́jú fítámì A pamọ́, òun náà sì ni ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ara fi ń sọ fítámì D di ohun tí ó wúlò. Nítorí náà, bí ẹ̀dọ̀ bá ti ń bàjẹ́ sí i, àwọn èròjà wọ̀nyí àti síǹkì, tí ara nílò láti pèsè àtọ̀, lè dínkù gan-an. Kòkòrò mẹ́dọ̀wú B náà tún máa ń wọ inú àtọ̀, àwọn olùwádìí sì ti rí i pé àtọ̀ àwọn ọkùnrin tí ó ní àrùn náà kì í sábà yára rìn bí ó ti yẹ. (Àgbo ọkùnrin tí a kò mọ ohun tí wọ́n fi sè é lè tún dá kún ìyà ẹ̀dọ̀.)