Àyẹ̀wò Ọdún: Ilé Adìẹ Ṣófo, Ìkòkò Ò Ṣófo

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Oṣù méjìlá ló wà nínú ọdún yìí bíi ti gbogbo ọdún, àmọ́ tí mo bá jókòó láti rántí rẹ̀, oṣù kìíní nìkan ló ń jáde. Àwọn yòókù ti yọ́ bí òrí inú oòrùn. Newcastle, àrùn tó ń pa adìẹ, ló ni ọdún náà. Ó bá ọyẹ́ wọlé bó ṣe máa ń ṣe, ó sì gbá gbogbo ilé adìẹ mọ́, àfi adìẹ òpìpí kan ṣoṣo tó kọ̀, tí kò kú. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ mọ ìwà rẹ̀. Ikú pàápàá ò lè bá a jà kó borí.

Kí n tún un sọ fún àwọn tó ṣì ń fún ewúro àti àwọn tó ń po ata gígún mọ́ omi adìẹ: àrùn yìí kò ní oògùn. Fáírọ́ọ̀sì ni, àjẹsára nìkan ló lè dènà rẹ̀, kó tó dé. Kí ẹ tó rí àmì kankan, ó lè ti wà lára wọn fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adìẹ tó wú ìyẹ́, tó re apá sílẹ̀, tí kò dé ìdí oúnjẹ ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru aláwọ̀ ewé, àti èémí tó ń dún lọ́nà ọ̀fun, tí ẹnu yóò sì là sílẹ̀. Èyí tó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ ni ọrùn rẹ̀ máa ń lọ́, tí yóò máa wo òkè, tí yóò máa yí po lójú kan. Àrùn mìíràn lè jọ ọ́, pàápàá bird flu, èyí tó lè ran ènìyàn. Nítorí náà, tí adìẹ bá ń kú léraléra, ẹ pe dókítà ẹran, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán gbé òkú wọn.

Ọ̀nà tó gbà wọlé ò ṣòro láti mọ̀. Àkùkọ ọdún ni, ẹ̀bùn tí wọ́n rà lọ́jà. Àkùkọ tó jẹun dáadáa, tó kọ láàárọ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn abo kiri kí onílé tó dúpẹ́ tán. Ẹyẹ tó ti kó àrùn lè máa tú u jáde nínú ìgbẹ́ àti èémí kó tó ṣàìsàn rárá. Ẹ wá wo ọjà adìẹ ní òpin ọdún: ẹyẹ oríṣiríṣi ìlú nínú àgò kan náà, ebi ń pa wọ́n, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ọyẹ́ ń fẹ́ lù wọ́n. Tó bá wá di oṣù kìíní, tí adìẹ bá ti ń kú nílé ẹnì kan, kíá ló máa kó ìyókù lọ tà kí owó má baà ṣòfò. Títà yẹn ló ń gbé àrùn láti abúlé dé abúlé ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹyẹ tuntun gbọ́dọ̀ dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta ló dára jù. Kó jìnnà sí àwọn tó wà nílẹ̀, kó ní abọ́ omi tirẹ̀, kó sì jẹ́ òun lẹ máa fún lóúnjẹ gbẹ̀yìn láàárọ̀, kí ẹ tó fọ ọwọ́ àti bàtà. Ní ti ilé yìí, òfin ti yí padà: ẹni tó bá fẹ́ fi adìẹ kí wa kó gbé e wá ní pípa àti ní títu. Tó bá rọrùn fún un, kó ti dín in.

Abọ́lọ́rùn náà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ̀ pé Màmá ló ni abọ́lọ́rùn, ẹ sì mọ̀ pé Màmá ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Irú adìẹ bẹ́ẹ̀ dára nínú ooru, nítorí ọrùn tí kò níyẹ̀ẹ́ ń jẹ́ kí ara rẹ̀ tètè tutù. Adìẹ aṣá, tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, náà rí bẹ́ẹ̀. Màmá ò mọ̀ nípa ìyẹn, ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kò ní ìyẹ́ ọrùn tí ènìyàn ń tu. Wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Èmi náà ń làágùn lóṣù náà, gèlè ni ò jẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni ọ̀rọ̀ pé adìẹ ìbílẹ̀ ò nílò àjẹsára, pé ara wọn ti le. Òótọ́ ni pé wọ́n lè fara da ebi, ooru àti kòkòrò ju adìẹ òyìnbó lọ. Newcastle ò mọ ìyẹn. Adìẹ tó ń jẹ̀ kiri agbolé tún ń pàdé ẹyẹ aládùúgbò níbi ààtàn, nítorí náà òun gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Àjẹsára I-2 wà fún irú wọn. Ẹ̀kán kan sínú ojú ẹyọ kan ni, ẹ dì í mú títí yóò fi ṣẹ́jú kí omi náà lè wọlé, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn. I-2 lè fara da ooru díẹ̀ ju ti ìgbàanì lọ. Kò wá túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ fi sínú àpò ṣòkòtò wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn o.

Ẹ jẹ́ ká dé orí Lasota, àjẹsára Newcastle tí à ń pò mọ́ omi mímu, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ń lò, òun náà ni ọ̀pọ̀ ń bà jẹ́. Nínú fíríìjì ló ń gbé, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òǹkà Celsius. Tí iná bá lọ ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ẹni tó ń tà á sì ní kò sí wàhálà, wàhálà ti wà. Ẹ gbé kúlà àti yìnyín dání lọ rà á. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ fi omi lásán fọ ibi tí wọ́n ti ń mumi, ẹ má fi ọṣẹ tàbí Izal kàn án, nítorí ohun tó ń pa kòkòrò ń pa àjẹsára. Ike ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe irin. Omi kànga tàbí omi òjò ló dára, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tí wọ́n da kẹ́míkà sí. Ẹ po gíráàmù méjì mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n yọ ọ̀rá rẹ̀ mọ́ lítà omi kan, ẹ jẹ́ kó jókòó díẹ̀, kẹ́ ẹ tó tú àjẹsára sí i. Mílíìkì yẹn ló ń bo àjẹsára mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ kẹ́míkà tó bá ṣẹ́ kù nínú omi.

Ẹ mú omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan sí méjì kẹ́ ẹ tó gbé tuntun kalẹ̀, ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Ìwọ̀n tí wọ́n lè mu tán láàárín wákàtí méjì ni kẹ́ ẹ pò, ibi mímu gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí alágbára má baà ta aláìlera nù. Èyí tó bá kù, ẹ dà á nù. Ìgò kan lè tó igba adìẹ tàbí ẹgbẹ̀rún, ẹni tó ní mẹ́wàá ló sì rà á. Má fi ìyókù pamọ́ sínú fíríìjì de oṣù tó ń bọ̀. Òkú lo fi pamọ́. Ẹ para pọ̀ ní àdúgbò, kẹ́ ẹ tú ìgò kan ní àárọ̀ kan náà.

Ilé adìẹ gbà wá lákòókò. A sun òkú wọn. Ẹni tí kò lè sun, kó gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó ìdí ènìyàn kó tó sin ín, kí ajá má baà hú u. A gbá gbogbo èérún igi àti ìgbẹ́ jáde, a sun ún. A fi omi àti ọṣẹ fọ ògiri àti igi ìwọ̀ kó tó kan oògùn apakòkòrò, nítorí Izal tẹ́ ẹ bá dà lé orí ìgbẹ́, orí ìgbẹ́ náà ló máa parí sí. Lẹ́yìn náà a ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn, a sì fi í sílẹ̀ lófìfo títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo máa ń sọ fún ènìyàn pé ó kéré jù.

Níbi tí adìẹ ti ń jẹ̀ tẹ́lẹ̀ la gbin ẹ̀fọ́ sí, ilẹ̀ náà sì ti sanra. Fún àwọn tó ń kó ìgbẹ́ adìẹ tútù sídìí ẹ̀fọ́: ó máa ń jó gbòǹgbò, ó sì ń gbé àìsàn inú wá. Ẹ kó o pọ̀ pẹ̀lú koríko àti ewé gbígbẹ, kí ewé pọ̀ ju ìgbẹ́ lọ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àárín rẹ̀ máa gbóná débi tí ọwọ́ ò ní lè dúró. Ìgbà tí kò gbóná mọ́ lẹ́yìn yíyí, tí kò sì rùn, ló ti ṣe tán, bí oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ẹni tó bá ní ewédú òun ò hù, èso rẹ̀ ló ń sùn. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ tì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá péré, ẹ tì í bọ omi tútù, kẹ́ ẹ sì sá a. Ó lè máà dà bí ohun tó mọ́gbọ́n wá, àmọ́ èèpo líle yẹn ni ò jẹ́ kí omi wọlé. Tẹ̀tẹ̀ ò fẹ́ irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ẹ po èso rẹ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà kóra jọ sójú kan, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ ti ń já a. Ugu sì ní akọ àti abo, ẹ ò sì ní mọ̀ títí yóò fi tanná. A gbìn ín, akọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ má béèrè tòmátò. Tòmátò tó dúró de òjò nílẹ̀ wa yìí, àárẹ̀ ló ń rò. Èyí tí a ká kún ọbẹ̀ kan, àlejò ò sì sí nílé lọ́jọ́ náà, a dúpẹ́.

Oṣù kẹfà sí ìkeje ni ọkàn wa tún balẹ̀, àgbàdo ló sì fà á. Ẹni tí kò tíì se sàpàlà lọ́dún àgbàdo, ẹ kú sùúrù. Àgbàdo tó yẹ ni èyí tó ti kúrò ní rírọ̀ tí kò tíì gbó. Ẹ fi èékánná tẹ hóró kan: tí omi funfun bá ta sí yín lójú, ó kéré, kò ní dì. Tí èékánná ò bá wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ fún ògì. Èyí tí omi rẹ̀ ki, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òun lẹ ń wá. Ẹ gé hóró rẹ̀ kúrò lára ṣúkù, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata rodo àti àlùbọ́sà láìbu omi sí i, nítorí àgbàdo tútù ti ní omi tirẹ̀. Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: ẹni tó ń lọ̀ fún yín máa fẹ́ bu omi kí ẹ̀rọ rẹ̀ lè tètè yí. Ẹ dúró tì í. Ẹ wá fi epo pupa, iyọ̀ àti edé sí i, ẹ rò ó dáadáa.

Ewé eéran méjì ni kẹ́ ẹ ká fún ẹyọ kan, kí ìdí rẹ̀ má baà jò. Ẹ to igi ewé náà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ da omi díẹ̀ sí i, kó hó kẹ́ ẹ tó tò ó. Tí omi bá ń tán, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ni kẹ́ ẹ gbà da omi gbígbóná sí i, kì í ṣe orí rẹ̀. Ó máa tó wákàtí kan. Ẹ má tú u kó tó tutù díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa jọ pé kò jinná, ẹ máa bú mi. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ya á ni kẹ́ ẹ sè é. Àgbàdo lílọ̀ tó bá sùn mọ́jú, kíkan ló máa kan. Màmá máa ń fi irú sí tirẹ̀. A fi irú sí i lọ́dún yìí. Ó dára. Iyọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù, òun náà ni kò sí nílé láti wí i.

Iṣu tuntun dé lóṣù kẹjọ. A kò gún un. Iṣu tuntun lómi nínú. Àsáró ló dá lọ́lá.

Òpìpí ló kọ́kọ́ tún fi adìẹ sínú ilé. Ẹyẹ tó bá yè bọ́ lè ṣì máa tú àrùn jáde fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ó dá gbé fún oṣù púpọ̀, ó sì ń bínú sí wa. Nígbà tó wá fẹ́ sàba, ẹyin tí kò ì tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, tí a kò fọ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fún adìẹ rẹ̀ ní àjẹsára la kó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ọjọ́ keje, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ìdí ẹyin nínú òkùnkùn: tí iṣan pupa bá tan káàkiri, ó lọ́mọ, tó bá mọ́lẹ̀ gbáú, ẹ yọ ọ́. Ọjọ́ kọkànlélógún ni wọ́n máa ń pa. Abẹ́ àgò ni a fi òun àti òròmọdìẹ rẹ̀ sí, nítorí àṣá, àti nítorí ìyá wọn pàápàá. Ohun tí ìyá fi lé ọmọ lọ́wọ́ láti dènà àrùn kì í pẹ́ lára ọmọ ju bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, nítorí náà ẹ má dúró kí ó kọjá kẹ́ ẹ tó ronú àjẹsára.

Abo tó wà níbẹ̀ báyìí kò tíì yé. Adìẹ ìbílẹ̀ kì í kánjú bíi ti ilé iṣẹ́. Abọ́lọ́rùn kan wà nínú wọn. Kò sẹ́ni tó pè é wá. Ẹ má sọ ọ́ ní orúkọ kankan o, mo bẹ yín, kó kọ́kọ́ kọjá oṣù kìíní ná.

Ẹ̀yin tó wà ní ìtòsí: àárọ̀ Sátidé àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun la máa tú ìgò àjẹsára tó kàn. Ẹ ti gbé omi kúrò níwájú àwọn adìẹ yín láti aago mẹ́fà, kẹ́ ẹ sì dé kó tó di méje. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn á bá mílíìkì nìkan.